Isidore de Souza, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kùtọnù: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ẹni tí Ó Dúró fún Ìdáríjì

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé ìrántí yìí fún júbílì ìjọ wa ní Kèrè, ìbéèrè kan dìde láàárín wa: ìtàn ìgbésí ayé ta ni kí a kọ sínú rẹ̀? Àwọn kan dárúkọ ẹni mímọ́ ilẹ̀ òkèèrè, àwọn mìíràn sì fẹ́ kí a kọ nípa àwọn àlùfáà òyìnbó tí ó kọ́kọ́ mú Ìhìnrere gun àwọn òkè wa wá. A rò ó títí, ọkàn wa sì dúró sórí Isidore de Souza, nítorí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ júbílì fúnra rẹ̀. Nínú Ìwé Léfítíkù, ọdún júbílì ni ọdún tí a ń tú ẹrú sílẹ̀, tí ilẹ̀ tí a ti tà ń padà sí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín, tí olúkúlùkù sì ń padà sí ilé baba rẹ̀. Bí a bá pa ẹran, tí a rán aṣọ ẹgbẹ́, tí a lu ìlù yí ìlú ká, tí àwọn ìdílé tí kò kí ara wọn mọ́ láti ọdún pípẹ́ nítorí ààlà oko sì tún wọ ilé ìsìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n tún jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ti ṣe àsè nìyẹn, ṣùgbọ́n a kò tíì ṣe júbílì.

Ìlú Ouidah ni a bí Isidore de Souza sí ní ọdún 1934. Orúkọ ìdílé rẹ̀ kì í ṣe orúkọ kékeré ní ilẹ̀ yìí, ó sì yẹ kí àwa ọmọ Ìdáàṣà mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Francisco Félix de Souza, ọmọ ilẹ̀ Bàhíà ní Brazil, ni ó dá ìdílé náà sílẹ̀ ní Ouidah. Ọ̀rẹ́ ọba Gẹ́zò ti Dàhòmì ni. Ó ràn án lọ́wọ́ láti gba ìtẹ́ ní ọdún 1818, ọba náà sì fi í joyè Chacha. Òwò ẹrú ni ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ní ọdún 1849 ni ó kú, ṣùgbọ́n oyè rẹ̀ wà nínú ìdílé náà títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ gbangba, nítorí pé ìdáríjì tí a bá kọ́ sórí ìgbàgbé kì í pẹ́ wó. Nígbà ayé Gẹ́zò àti Glẹ̀lẹ̀ ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ-ogun Dàhòmì a máa gbógun wọ ilẹ̀ Mahi àti ilẹ̀ Ìdáàṣà. Àwọn baba wa kò gun orí òkè nítorí atẹ́gùn tútù. Wọ́n sá pamọ́ sínú ihò àpáta, wọ́n sì ń ṣọ́nà lórí àwọn òkè mọ́kànlélógójì tí a fi ń ki ìlú yìí. Àwọn tí ọwọ́ ogun bá tẹ̀, Àgbómẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn lọ. Láti ibẹ̀, wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn dé etíkun Ouidah, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró dè wọ́n. Kò sí agbo ilé àtijọ́ ní ìhà tiwa tí kò ní orúkọ kan tí kò padà wálé. Ọmọ tí a bí sí ìdílé Chacha ní 1934 kò mú ẹrú, kò sì ta ẹrú. Ẹnìkan kì í yan ilé tí a ó bí i sí. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó ń jẹ́ ń rán gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ ọ létí pé gbèsè ńlá wà láàárín àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí, àti pé kò sí ẹni tí ó lè fi owó san án.

Ìlú Ouidah kan náà ni àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ SMA kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ní oṣù kẹrin ọdún 1861, nígbà tí òwò ẹrú kò tíì parí pátápátá. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ yóò ti rí i bí ilé ìsìn ńlá ti Ìyá Wa Aláìlábàwọ́n ti kọjú sí ilé òrìṣà eré, tí ojú ọ̀nà nìkan sì là wọ́n láàárín. Ọmọ tí ó dàgbà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́ bí a ti ń gbé pẹ̀lú ẹni tí kò gba ohun tí a gbà gbọ́, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀. A rò pé ìwà ìpamọ́ra tí a rí lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la ní gbòǹgbò rẹ̀ níbẹ̀.

A yà á sí oyè àlùfáà ní ọdún 1962, ọdún tí Ìpàdé Kejì ti Vatican bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù. Ó di olùkọ́, ó sì ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Kátólíìkì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Abidjan. Ní ọdún 1981 ni Bàbá Mímọ́ John Paul Kejì yàn án ní Bíṣọ́ọ̀bù Olùrànlọ́wọ́ tí yóò jogún oyè ní Kùtọnù, lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Christophe Adimou.

Ilẹ̀ tí ó padà sí nígbà náà kò rọrùn láti gbé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, Ọ̀gágun Mathieu Kérékou ti fi agbára ológun gba ìjọba. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1974 ó kéde ní Àgbómẹ̀ pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni yóò máa darí orílẹ̀-èdè, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kan náà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó pa orúkọ Dàhòmì rẹ́, ó fi Bẹ̀nẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ Ìjọ. Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa rántí àkókò tí ènìyàn ń bojú wẹ̀yìn kí ó tó sọ̀rọ̀, nítorí pé kò mọ ẹni tí yóò lọ rò ó fún àwọn ọmọ ìjọba. Àwọn kan sùn nílé, wọn kò jí síbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n Ségbana ní òkè àríwá ni a ti gbúròó wọn. Fádà Alphonse Quenum, àlùfáà àti onímọ̀ ìtàn, wọ ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1975, ó sì lò tó ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ìtàn òwò ẹrú àti ipa tí àwọn Ìjọ Kristẹni kó nínú rẹ̀ ni ó jókòó kọ; wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní 1993. Ó yà wá lẹ́nu nígbà tí a mọ̀ ọ́n. A lérò pé ẹni tí ó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ yóò kọ ìwé nípa àwọn tí ó fi ìyà jẹ ẹ́.

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1989, ìjọba náà ti rẹ̀. Àwọn báńkì ìjọba ṣubú. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá tí àwọn òṣìṣẹ́ kò gba owó, àwọn olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ sì jókòó sílé. Ní àkókò Àwẹ̀ Lẹ́ńtì ọdún yẹn ni àwọn Bíṣọ́ọ̀bù wa kọ lẹ́tà sí gbogbo ọmọ Ìjọ, wọ́n pe orílẹ̀-èdè sí ìyípadà ọkàn kí ó lè yè. Àwọn tí ó retí pé kí wọ́n dá ìjọba nìkan lẹ́bi rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo wa ni lẹ́tà náà fọwọ́ kàn: ojúkòkòrò, irọ́, àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ìbẹ̀rù. Ní oṣù Kejìlá ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé òun ti kọ ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin sílẹ̀, ó sì ṣèlérí ìpàdé gbogbogbòò.

Ìpàdé náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 1990, ní ilé ìtura PLM Alédjo ní Kùtọnù. Nǹkan bí ènìyàn 500 ni ó péjọ síbẹ̀. Àwọn tí ó ti ṣe ààrẹ rí wà níbẹ̀, àwọn ológun, àwọn olùkọ́, àwọn àgbẹ̀, àwọn tí ó ti sá lọ sí òkèèrè tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn gbogbo. Ẹni tí a jù sí ẹ̀wọ̀n jókòó sínú gbọ̀ngàn kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó pàṣẹ pé kí a jù ú síbẹ̀. Ta ni ó lè darí irú àpéjọ bẹ́ẹ̀? Isidore de Souza ni wọ́n yàn. Kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú, kò wá oyè, kò sì bẹ̀rù.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni ìpàdé náà gbà, rédíò sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Ní Ìdáàṣà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí níbi gbogbo, àwọn ènìyàn pagbo yí rédíò kékeré ká. Ohun tí wọ́n gbọ́ kò dùn ní etí. Wọ́n gbọ́ nípa owó tí a jí, nípa ìyà tí a fi jẹ ènìyàn, nípa àwọn tí ó kú tí ẹnikẹ́ni kò sọ ibi tí a sin wọ́n sí. A fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí a kò tíì bí nígbà náà mọ èyí dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ ìtàn 1990 bí ẹni pé gbogbo wa kàn dìde, a dì mọ́ ara wa, ó parí. Ẹ̀sùn ni ó kọ́kọ́ jáde. Bíṣọ́ọ̀bù náà kò pa á mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó jẹ́ kí ọgbẹ́ ṣí, kí a lè wẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ 25 oṣù náà ni ewu ńlá dé. Àwọn aṣojú dìbò pé ìpinnu ìpàdé náà ni yóò borí gbogbo àṣẹ mìíràn ní ilẹ̀ yìí, bí ti ààrẹ pàápàá. Inú Kérékou kò dùn sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ-ogun ṣì wà, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí ó bá fi ìbínú dìde. Ìlú kún fún ìbẹ̀rù. Bíṣọ́ọ̀bù náà wà láàárín, ó ń bá ọ̀gágun sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn aṣojú sọ̀rọ̀. Ó ń bẹ ẹni tí ó ní agbára pé kí ó má lò ó, ó sì ń bẹ àwọn tí a ti ṣẹ̀ pé kí wọ́n má sọ ìpàdé di ilé ẹjọ́. Nínú iṣẹ́ méjèèjì, a kò mọ èyí tí ó ṣòro jù.

Nígbà náà ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ṣẹlẹ̀. Ọ̀gágun tí ó ti ṣàkóso fún ọdún mẹ́tàdínlógún dúró lójú gbogbo orílẹ̀-èdè, ó kọjú sí Bíṣọ́ọ̀bù, ó jẹ́wọ́ pé ìjọba òun ti ṣẹ̀, ó sì tọrọ ìdáríjì. Nígbà tí ó di ọjọ́ 28, ó gba gbogbo ìpinnu ìpàdé náà. Kò sí ìbọn tí ó dún.

Àwọn kan tí ó kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ yìí sọ pé eré ìtàgé ni, pé ọlọ́gbọ́n òṣèlú ni Kérékou, ó sì mọ̀ pé orí òun ni òun ń gbà là. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run nìkan ni ó ń wo ọkàn. Ṣùgbọ́n àwa Kátólíìkì mọ ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kúnlẹ̀ nínú Sákíráméńtì Ìlàjà: kí ó kẹ́dùn, kí ó jẹ́wọ́, kí ó pinnu láti má ṣe é mọ́, kí ó sì ṣe iṣẹ́ ìrònúpìwàdà tí a bá yàn fún un. Apá tí ó kẹ́yìn yìí ni ojú lè rí, òun ni a ó sì fi díwọ̀n. Wọ́n fi Kérékou sílẹ̀ lórí oyè, ṣùgbọ́n wọ́n gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀; Nicéphore Soglo di olórí ìjọba. Orílẹ̀-èdè dìbò sí òfin tuntun ní oṣù Kejìlá ọdún 1990. Ní oṣù kẹta ọdún 1991, Kérékou bá Soglo du oyè ààrẹ, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò sì lọ sọ́dọ̀ Soglo. Ọ̀gágun náà kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó lọ sílé, ó dákẹ́. A kò gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Nígbà tí ó padà dé ní 1996, ìbò ni ó gbé e dé, kì í ṣe ìbọn.

Ní gbogbo àkókò ìyípadà náà, Isidore de Souza ni ó wà ní olórí Ìgbìmọ̀ Gíga ti Orílẹ̀-Èdè, títí di 1993. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kò kúrò lọ́rùn rẹ̀, nítorí pé ní oṣù Kejìlá ọdún 1990 ni ó jogún oyè Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kùtọnù. Nígbà tí iṣẹ́ òṣèlú parí, kò bá ẹnikẹ́ni du oyè. Ó padà sí ìtọ́jú àwọn àgùntàn rẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wo Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ó yani lẹ́nu bí wọ́n ti ń yan bíṣọ́ọ̀bù láti darí rẹ̀: Basile Mvé ní Gabon, Ernest Kombo ní Kóńgò, Philippe Kpodzro ní Tógò, Laurent Monsengwo ní Zaire. Kò yọrí sí rere níbi gbogbo. Ní Tógò, tí ó múlé gbè wá, ìpàdé parí ní 1991, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn ọmọ-ogun ti ń yìnbọn lu ilé olórí ìjọba tí ìpàdé náà yàn. Ẹni tí ó ń dárí jini lè na ọwọ́ rẹ̀ títí. Bí ẹnì kejì kò bá na tirẹ̀, ìlàjà kò lè pé.

A kò fẹ́ fi òróró bo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ènìyàn wà ní ilẹ̀ yìí tí wọ́n rò pé ìdáríjì 1990 ti pọ̀ jù, pé àwọn aláṣẹ tọrọ àforíjì lórí rédíò nígbà tí opó kan ń bẹ nílé tí ẹnikẹ́ni kò wá bẹ̀. A gbọ́ wọn, a kò sì lè sọ pé wọn kò ní ẹ̀tọ́. Ẹni tí a ṣẹ̀ nìkan ni ó lè dárí jini. Bíṣọ́ọ̀bù kò lè bá opó dárí jì, ìpàdé kò lè bá ọmọ òrukàn dárí jì. Ohun tí Isidore de Souza ṣe kò ju èyí lọ: ó dá ẹ̀san dúró. Ó fún opó náà ní ìlú tí ogun kò jà, kí ó lè ní àkókò láti bá Ọlọ́run jà nínú àdúrà, kí ó sì pinnu nígbà tí tirẹ̀ bá tó. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti dárí ji ọmọ ìyá rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ojoojúmọ́ ni a ń gba àdúrà Baba Wa, tí a sì ń fi ẹnu ara wa so ìdáríjì tí a ó rí gbà mọ́ èyí tí a fún ẹlòmíràn. Àwọn kan nínú wa máa ń sáré kọjá níbẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1992, Bàbá Mímọ́ dé erékùṣù Gorée ní Senegal, ó dúró ní ilé tí a ti ń kó ẹrú jáde, ó sì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn Kristẹni tí ó ṣe òwò náà. Lẹ́yìn ọdún kan, ní oṣù kejì 1993, ó wá sí Bẹ̀nẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà de Souza sì gbà á lálejò ní Kùtọnù. Nínú ìbẹ̀wò náà, Póòpù jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà ẹlẹ́sìn Vodun, ó bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ṣòro fún àwọn kan nínú Ìjọ láti gbà á. Fún ọmọ tí a bí sí Ouidah, níbi tí ilé ìsìn àti ilé òrìṣà ti ń wo ara wọn lójú láàárọ̀ àti ní alẹ́, a rò pé kò ní ṣàjèjì.

Ní ọdún 1995 ni Róòmù dá díọ́sísì Ìdáàṣà sílẹ̀, tí Antoine Ganyé sì di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ wa, lábẹ́ ìgbèríko Kùtọnù tí Isidore de Souza jẹ́ olórí rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe di pé àwọn ọmọ àwọn tí ó sá sínú ihò àpáta wá ń pe ọmọ ilé Chacha ní bàbá nínú ìgbàgbọ́. A kò rántí pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ jáde lẹ́nu nígbà náà. Bóyá ó yẹ kí a ti sọ ọ́.

Isidore de Souza kú ní oṣù kẹta ọdún 1999, kò tíì pé ọmọ ọdún márùnlélọ́gọ́ta. Ẹni tí ó tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1990 ni ó wà lórí oyè ààrẹ nígbà tí a ń sin ín. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Mathieu Kérékou pe àwọn ènìyàn láti Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Áfíríkà jọ sí Kùtọnù, ó sì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ àwọn tí a tà, nítorí ipa tí àwọn ọba àti àwọn oníṣòwò Áfíríkà kó nínú òwò ẹrú. Isidore de Souza kò sí láyé mọ́ láti wà nínú ìpàdé yẹn.

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, láti 1954, ni àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ń wá sí ọ̀dọ̀ Ìyá Wa ti Àrìgbó ní Ìdáàṣà, lẹ́bàá àpáta tí àwọn baba wa ń sá sí. Wọ́n ń ti Àgbómẹ̀ wá, wọ́n ń ti Ouidah wá. Wọ́n á ní kí a fi ibi tí omi wà hàn wọ́n, a ó sì fi hàn wọ́n.